Bàbá Wa, Ẹni Tó Mọ Agboolé Òdòdó Orí Igi

Áà, Bàbá mi! Ó dìgbà ná o, ọmọ Oǹdó tó fi Àkúrẹ́ ṣe ilé, olùkọ́ tí í gbójú sókè rìn! Ní Arákalẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń wo ẹsẹ̀ wọn, orí igi lẹ̀yin ń wò, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ tòmátò ọlọ́jà mọ́lẹ̀. Bí a bá ní kí ẹ rọra, ẹ ó ní, “Mò ń wá àwọn èèyàn mi ni.”

Ọ́kíìdì làwọn èèyàn yín, òdòdó tí í gbé orí ẹ̀ka igi. Ẹ mọ ẹ̀yà wọn, ẹ mọ ẹ̀ka inú ẹ̀yà, ẹ mọ agboolé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jáde. Bí àwọn onímọ̀ bá tún gbé agboolé kan kúrò nínú ẹ̀yà tí ẹ ti kọ́ wa, ẹ ó bú sẹ́rìn-ín: “Ṣebí wọ́n gé Èkìtì kúrò lára Oǹdó, ayé ò parẹ́. Ẹ pa á rẹ́, ẹ tún un kọ.”

Láti Èkìtì náà ni ìyá mi ti gbé mi wọlé yín, mo ti ń rìn, mo ti ń sọ̀rọ̀. Àwọn kan nínú ẹbí ń pòwe mọ́ mi: “Àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ló bá tan.” Ó dùn mí dé egungun.

Lọ́jọ́ kan ní oko kòkó yín ní Ipogun, àwọn lébìrà ń fi àdá họ àfòmọ́ dànù, wọ́n sì ń họ ọ́kíìdì mọ́ ọn, torí ọ̀kan náà ni lójú wọn. Ẹ pariwo! “Èyí kì í mu omi ara igi, òjò ló ń bọ́ ọ!” Mo bá yín ṣa á nílẹ̀, mo sì béèrè pé, “Bàbá, tí ẹ bá to èmi náà bí ẹ ṣe ń to òdòdó, ṣé mo lè bọ́ sí agboolé yín?” Ẹ ní, “Rárá. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń to ọmọ mi bí òdòdó.”

Nígbà tí ẹ lọ, ẹ̀rù bà mí pé ọ̀rọ̀ yẹn ti bá yín lọ. Níbi ìpàdé ẹbí ní Oǹdó, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo jókòó sí. Wọ́n béèrè ẹni tí yóò kọ́kọ́ bu yẹ̀pẹ̀ sí sàréè, nítorí àkọ́bí ní í ṣe é. Délé, àbúrò mi tí ẹ bí nínú ara yín, ló dìde: “Ṣé Àǹtí mi ò sí níbí ni? Àwọn làgbà wa.” Ẹnikẹ́ni ò janpata. Àwọn tó ń pòwe nígbà náà ló sún fún mi kí n jókòó.

Ọ̀la, èmi ni n ó kọ́kọ́ bu yẹ̀pẹ̀ náà, Bàbá, èmi àkọ́bí yín. Ẹ sùn re o.