Háàfù Kan ní Pápá Ìkòsì

Kí Sherifdeen tó dìde, ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ orúnkún òsì rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ó dúró bí ẹni tó ń retí kí nǹkan dáhùn lábẹ́ awọ, lẹ́yìn náà ló tó so okùn bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀. Hidayat, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jókòó sórí bẹ́ńṣì létí pápá, rí i. Bí òun náà ṣe ń tẹ tòmátì wò ní Mile 12 nìyẹn nígbà tí ọkọ̀ òkè Ọya bá dé: ara tòmátì lè máa dán kí inú rẹ̀ ti rọ̀. Hidayat ló fa eré àárọ̀ yìí, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní Ìkòsì, àwọn ọkùnrin tó ti jọ ń gbá bọ́ọ̀lù láti kékeré máa ń pàdé ní pápá ilé-ìwé ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Tí ọmọ àdúgbò tó ń gbá bọ́ọ̀lù lókè òkun bá wálé ní Dìsẹ́ńbà, ó gbọ́dọ̀ bá wọn gbá háàfù kan. Ẹni tí kò bá wá, wọn kò ní bá a jà. Wọ́n á kàn máa kí i bí wọ́n ṣe ń kí àlejò. Ó ti pẹ́ tí Sherifdeen ti wálé gbẹ̀yìn. Nígbà tí Ṣùáíbù, alága wọn, wá bá Hidayat ní ìsọ̀ láti béèrè bóyá àbúrò rẹ̀ máa wá, Hidayat kò tilẹ̀ gbójú kúrò nínú apẹ̀rẹ̀. Ó ní á wá, òun ti bá a gbà á. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń bá a dáhùn láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú, tó jẹ́ pé òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń mú un lọ sílé kéú.

Kò mọ ọ̀rọ̀ orúnkún nígbà náà. Ìgbà tí Sherifdeen dé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé ẹgbẹ́ kan ní Malta fẹ́ gba òun fún sáà kan, ṣùgbọ́n dókítà wọn máa kọ́kọ́ yẹ orúnkún náà wò ní Jánúárì. Tí òun bá fara pa kó tó dìgbà yẹn, ó parí. Kò sí ẹgbẹ́ tó máa pe ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tó ń tiro. Hidayat ní kó jẹ́ kí òun lọ bẹ Ṣùáíbù. Sherifdeen mi orí.

"Aunty mi, ẹ ti gbà fún wọn. Màá gbá a."

Kò sí ẹni tó ń pariwo orúkọ rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Kùtọnu ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí gbogbo agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ti ń sùn ní yàrá kan. Ó lọ sí Albania, ẹgbẹ́ náà tú ká mọ́ ọn lójú. Kí wọ́n tó tú ká, ó ti gbọ́ èdè wọn débi tó fi ń bá rẹfirí ṣàwàdà. Ó gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹrẹ̀ ní Bangladesh. Ó gbá a nínú yìnyín ní Finland, níbi tí òtútù kì í jẹ́ kó mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ òun ṣì wà nínú bàtà. Ẹ̀yìn lápá òsì ni wọ́n máa ń fi í sí, ibi tí òǹwòran kì í wò. Tí wọ́n bá ní kó dúró sí i, á dúró. Tí wọ́n bá ní kó máa lọ, á di ẹrù rẹ̀, á kí gbogbo wọn, títí kan ẹni tó ń fọ aṣọ. Orí fóònù ni Hidayat ti gbọ́ gbogbo èyí. Kò tíì rí i kó gbá bọ́ọ̀lù láti ìgbà tó ti dàgbà. Ọjà kò jẹ́.

Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, ojú kọ́kọ́ ti Hidayat. Sherifdeen kò sáré. Àwọn yòókù ń làágùn, wọ́n ń pariwo, òun ń rìn, ó ń wò, ó ń sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìníolúwa, ojúgbà rẹ̀ tó ń gbá fún apá kejì, tó ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Ogudu, tí ikùn rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀ ṣùgbọ́n tó ṣì lè sáré, kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ṣẹ́rí, ṣé àwọn ará Malta ló ní kó o má lo ẹsẹ̀ yẹn tán?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùáíbù tó mú fèrè lọ́wọ́ pàápàá rẹ́rìn-ín.

Díẹ̀díẹ̀ ni Hidayat wá rí i pé bọ́ọ̀lù kì í gba apá ibẹ̀ kọjá. Ibi tí Ìníolúwa bá sáré dé, Sherifdeen ti dúró síbẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti ń sinmi tẹ́lẹ̀. Ó ń fi ohùn kékeré bá Ládé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó sún síwájú, kó padà. Ládé tí wọ́n máa ń bú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ti ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹlòmíràn. Hidayat ronú nípa àwọn ará Finland, tí wọ́n ní kó dúró lọ́dọ̀ àwọn fún sáà kan sí i.

Nígbà tí háàfù ń lọ sópin, bọ́ọ̀lù kan bọ́ sáàárín Sherifdeen àti Ìníolúwa. Ìníolúwa ń bọ̀ pẹ̀lú gbogbo ara. Hidayat dìde dúró. Sherifdeen lè fi í sílẹ̀. Kò sí ẹni tó máa bá a wí. Ó ti ẹsẹ̀ òsì bọ̀ ọ́.

Àwọn méjèèjì ṣubú. Bọ́ọ̀lù yí jáde kúrò nínú pápá. Ìníolúwa ló kọ́kọ́ dìde, ó na ọwọ́ sí i, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ṣẹ́rí, jọ̀ọ́. Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Tìẹ ni kí wọ́n béèrè. Ikùn ńkọ́?"

Ẹ̀rín gba pápá. Ṣùáíbù fọn fèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àsìkò kò tíì pé.

Sherifdeen wá jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ó bọ́ bàtà, ó fi àtàǹpàkò tẹ orúnkún náà, ó dúró. Hidayat ń wo ojú rẹ̀. Sherifdeen gbá bàtà méjèèjì pọ̀ kí yanrìn lè jábọ́.

"Aunty mi," ó ní, "tí wọ́n bá tún wá bá yín ní ìsọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, háàfù méjèèjì ni kẹ́ ẹ bá mi gbà."

Kí Hidayat tó dáhùn, Sherifdeen ti gbé báàgì kọ́ èjìká. Ó gba ẹ̀gbẹ́ igi gólì kọjá, ó juwọ́ sí àwọn tó ń pè é, ó forí lé ọ̀nà títì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni Hidayat ń wò bóyá ó ń tiro, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, títí ó fi yà sẹ́yìn ògiri ilé-ìwé.