Ọlọ́dà Kì Í Ha Pátákó

Ọlọ́dà ni wọ́n ń pè é. Ọdún mọ́kànlélógójì ló fi ń kọ orúkọ òpópónà sára pátákó fún káńsù. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ibi tí mo ti ń rán bàtà. Ohun tí mo fi ojú mi rí ni mò ń sọ.

Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Bí ọ̀dà pátákó bá ṣá, kì í ha á, tuntun ló ń kùn lé e. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọlọ́dà tí kì í ha nǹkan, irùngbọ̀n rẹ pàápàá, o kì í fá a."

Á ní, "Aránbàtà, máa wo ẹsẹ̀ èèyàn."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, obìnrin àlejò kan dé, ó mú ìwé kékeré kan lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ ló kọ ọ́: Òkè Alágbẹ̀dẹ.

"Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá a, bàbá. Káńsù ní kò sí. Ibẹ̀ ni bàbá mi ní wọ́n bí òun sí, pé iná ló lé wọn kúrò. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní ó ń ṣarán ni. Ara rẹ̀ ò yá. Bọ́ọ̀sì mi á sì gbéra láago mẹ́rin."

Ọlọ́dà wo ìwé náà pẹ́. "Ọmọ mi, ibo lo dúró sí yìí?"

"Òpópónà Ọ̀gágun. Akọni ìlú yín ni, àbí?"

"Akọni kẹ̀? Òyìnbó ni. Òun ló dáná sun ilé àwọn alágbẹ̀dẹ, ó ní wọ́n ń rọ ìbọn. Ìjọba wọn wá fi oyè rẹ̀ pe ọ̀nà tó gba orí eérú náà."

Obìnrin náà jókòó sórí àpótí mi. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń rìn níbẹ̀, n kò bi ẹnikẹ́ni rí pé ta ni Ọ̀gágun.

Ọlọ́dà gbé àkàbà ti òpó pátákó Òpópónà Ọ̀gágun, ó mú ọ̀bẹ, ó gùn ún. Mo ké sí i:

"Ọlọ́dà, pátákó káńsù nìyẹn! Wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ."

"Kí wọ́n gbà á."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Funfun, búlúù, funfun. Mo ka ìpele méje. Ní ara irin pátákó náà gan-an, a rí lẹ́tà pupa: ÒKÈ ALÁGBẸ̀DẸ.

"Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni wọ́n ní kó kọ àwọn pátákó àkọ́kọ́," ó ní. "Ó kọ orúkọ àtijọ́ sábẹ́ kó tó kun tiwọn lé e. Pátákó méjìlá ló ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Ó ní kí n má ha ọ̀kankan títí ẹnìkan á fi béèrè."

Obìnrin náà ya fọ́tò rẹ̀. Ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù. "Bàbá mi, òótọ́ lẹ sọ. Mo dúró síbẹ̀."

Mo gbọ́ ohùn arúgbó náà: "Ṣé òkè náà ṣì ga?"

"Ó ga, bàbá. Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Ẹ̀rín àti ẹkún ló dà pọ̀ lẹ́nu àwọn méjèèjì.

Ọlọ́dà ti sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó, ó ń sinmi. Mo bi í pé ìgbà wo ni yóò kùn ún padà.

"Ẹnìkan ti béèrè," ó ní. "Ó ku mọ́kànlá."

Ó fi ṣòkòtò nu ọ̀bẹ. Ó dìde, ó gbé àkàbà lé èjìká, ó sì yà sí òpópónà kejì.