Fíìmù tó Gbé Bọ̀dá Jáde

Títí dòní, bí mo bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, Bọ̀dá tí a jọ gbé yàrá kan ní Arcella, ní Padua, nílẹ̀ Ítálì, ni mo máa ń rántí. Bí wọ́n bá ti gbọ́ irú ìró bẹ́ẹ̀, wọ́n á pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á mú èémí dúró. Wọn kò ní permesso, ìwé àṣẹ tí wọ́n lè fi gbé ìlú náà. Oṣù mẹ́jọ ni wọn kò fi jáde.

Èmi ni mo yá kásẹ́ẹ̀tì fíìmù àwọn ará Japan kan níbi iṣẹ́, kí Bọ̀dá lè rí nǹkan wò. Wọ́n de ọmọbìnrin kan mọ́ bẹ́ẹ̀dì nínú rẹ̀, wọ́n ń gé e lára. Kò sí orin kankan.

Bọ̀dá dá a dúró. "Wọ́n pa ọmọ yìí ni o."

"Bọ̀dá, eré ni."

"Mo ti ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn rí. Mo mọ ojú ẹni tó ń kú."

Fún ọjọ́ mẹ́ta, wọn ò fọwọ́ kan oúnjẹ. Wọ́n ní àwọn á gbé kásẹ́ẹ̀tì náà lọ fún ọlọ́pàá. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má lọ, pé ọlọ́pàá á dá wọn padà sí Nàìjíríà.

"Ṣé kí n wá jókòó síbí, kí n máa wò ó ni?"

Wọ́n lọ. Ọlọ́pàá tó wò ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní eré lásán ni, ọ̀dà ni ẹ̀jẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà ló béèrè documenti, ìwé ìgbélùú, lọ́wọ́ Bọ̀dá.

Láti pápákọ̀ òfurufú, nígbà tí wọ́n fẹ́ dá wọn padà sílé, ni Bọ̀dá ti pè mí. Ẹkún ni mò ń sun, mò ń tọrọ àforíjì.

"Dákẹ́," ni Bọ̀dá wí. "Ọmọ inú fíìmù yẹn ò kú. Ó ṣì wà láàyè."