Ọwọ́ Òsì Ìyá Ìbejì

Táípíìsì ni ìyàwó mi kí kọ̀ǹpútà tó wọ ọ́fíìsì wọn. Ẹ̀pẹ́ ló ti kọ́ iṣẹ́ náà kí n tó fẹ́ ẹ wá sí Ìkòròdú, ó sì mọ̀ ọ́n débi pé ó lè máa tẹ lẹ́tà lọ, kó tún máa bá ènìyàn jà lẹ́nu, kò ní ṣi ọ̀rọ̀ kan tẹ̀. Ó dá mi lójú, torí èmi ló máa ń bá jà.

Ẹni tó bá mọ tàpùráítà yóò rántí pé bí ìlà bá fẹ́ tán, agogo kékeré kan á dún nínú rẹ̀, tín-ín! Ọwọ́ òsì á wá gbá irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sápá ọ̀tún, kí ìlà mìíràn lè bẹ̀rẹ̀. Táípíìsì mẹ́rin ni wọ́n nínú yàrá kan nítòsí ibùdókọ̀ Benson. Bí mo bá lọ dúró dè é lọ́sàn-án, láti ìta ni màá ti máa gbọ́ agogo wọn, bí ìgbà tí àwọn oní-áísìkiriìmù mẹ́rin tó ń gun kẹ̀kẹ́ bá ń du oníbàárà kan ṣoṣo.

Ọwọ́ náà máa ń bá a délé. Bí a bá ń jẹun, tí mo fi ṣíbí kan ife, tín-ín, ọwọ́ òsì rẹ̀ á fò sókè fúnra rẹ̀. Àwọn ìbejì á bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá Ìbejì, ẹ fi mí sílẹ̀ o. Èmi kì í ṣe ẹ̀rọ."

"Ta ló pè ọ́ ní ẹ̀rọ? Ẹ̀rọ á ti gbé omi wá fún mi."

"Ẹ dúró dè é nígbà náà."

Kò pẹ́ púpọ̀ tí fóònù alágbèéká dé ìlú ni ọ̀gá tuntun kan dé ọ́fíìsì wọn, tó ní kọ̀ǹpútà ni wọn yóò máa lò. Kí àwọn táípíìsì lọ kọ́ ọ fúnra wọn. Ìdánwò ń bọ̀ lẹ́yìn Iléyá. Ẹni tí kò bá yege, kó máa lọ sílé. Tíṣà ni èmi, ẹ sì ti mọ ẹni tó ń bọ́ ilé wa nínú àwa méjèèjì. Lọ́jọ́ yẹn, Ìyá Ìbejì jókòó sórí àga tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀.

Ó wá ń lọ kọ́ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ní Benson. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó tẹ ìlà kan lọ geere. Agogo ò dún, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì mọ ibi tí ìlà ń parí sí. Ọwọ́ fò, gbàà, ó gbá ojú kọ̀ǹpútà.

Obìnrin náà figbe ta. "Ẹ̀yin màmá yìí! Ẹ fẹ́ fọ́ ọ fún mi ni?"

"Ẹ má bínú, àǹtí. Mo fẹ́ yí ìlà ni."

"Ó ń yí ara ẹ̀! Ẹ gbàgbé ìlà!"

Nígbà tó sọ ọ́ fún mi, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi wúkọ́. Òun ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ti rẹ́rìn-ín tán? Tí wọ́n bá lé mi, ẹ ó ṣì máa rín in?"

Ẹ̀rín mi tán lẹ́nu. Mo ya ojú kíbọ́ọ̀dù sórí páálí kan, òun náà sì ń fi dánra wò lórí tábìlì ìjẹun. Ọwọ́ òsì gbá tíì mi dànù. Lọ́jọ́ kejì, ó gbá abọ́ gààrí. Òun fúnra rẹ̀ ló wá fi ìborùn so ọrùn ọwọ́ náà mọ́ àga, kó gùn tó láti dé orí lẹ́tà, kó má gùn tó láti fò.

Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n agbára tó fi ń lu tàpùráítà ló fi ń lu páálí àti kọ̀ǹpútà. Ọrùn ọwọ́ wú. Ìmọ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà mú kí ojú ìyàwó mi pọ́n, ó ń ṣomi ṣáá. Oníkẹ́míìsì ní kó sinmi. Ìsinmi wo, nígbà tí Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀?

A lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Màmá ń fi àdí ra ọwọ́ náà, ó rí àpá ìborùn lọ́rùn ọwọ́.

"Ta ló so ọmọ mi mọ́lẹ̀?" Èmi ló sì kọjú sí.

"Èmi kọ́ o, Mọ̀ọ́mi. Kọ̀ǹpútà ni."

"Kọ̀ǹpútà yẹn, kò ní ìyá ni?" Ó tún bu àdí sí i. "Èmi fi ọwọ́ ha ìpẹ́ ẹja títí mo fi darúgbó. Kò wú báyìí rí."

Lọ́jọ́ ìdánwò, kò mú ìborùn dání. Mo ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó padà dé.

"Báwo ló ṣe lọ?"

"Ọwọ́ náà ò mira."

"Wọ́n mú ọ nìyẹn!"

"Wọ́n mú mi." Ó wọlé kó tó parí rẹ̀. "Èmi nìkan."

Wọ́n ní kí àwọn mẹ́ta yòókù máa lọ sílé, wọ́n sì kó iṣẹ́ wọn lé e lórí. Wọ́n kó àwọn tàpùráítà síta sẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì omi. Bí mo bá lọ dúró dè é lọ́sàn-án báyìí, màá dé ẹnu ọ̀nà yàrá náà láìmọ̀ bóyá ènìyàn wà níbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń dún.

Nígbà tó yá, ilé wa náà dákẹ́ jù fún mi. Níbi oúnjẹ, mo mú ṣíbí, mo kan ife: tín-ín. Àwọn ìbejì wo ìyá wọn, wọ́n ti múra ẹ̀rín sílẹ̀.

Ọwọ́ òsì náà wà lórí itan rẹ̀ nínú báńdéèjì. Kò mira. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún nu ojú tó ń ṣomi.

"Bàbá Ìbejì," ó ní, "ẹ gbé ṣíbí yẹn sílẹ̀."

Mo gbé e sílẹ̀.