Àgùntàn Àgbàsìn Tí Mo Gbà Padà

Ìyá mi ní abo àgùntàn mẹ́ta tí kò wọ ilé wa ní àdúgbò Dar-es-Salam, nílẹ̀ àwọn Baoulé, rí. Ọ̀dọ̀ ìyá Baoulé kan, ní abúlé lọ́nà Languibonou, ló fi wọ́n sí ní àgbàsìn, bí wọ́n ti ń ṣe é ní Ògbómọ̀ṣọ́: bí ẹran bá bímọ, àkọ́bí jẹ́ ti ìyá mi, èyí tó tẹ̀lé e jẹ́ ti ẹni tó ń sìn ín. Ọjọ́ kan tí ìyá mi lọ wò wọ́n tòun toyún ni ìrọbí mú un níbẹ̀, ọwọ́ ìyá yẹn ni mo sì bọ́ sí. Láti ìgbà náà ló ti ń pè mí ní ọmọ rẹ̀.

Àmọ́ èmi ọlọ́gbọ́n àgbọ́njù kàwé tán, mo wá rí àwọn adìyẹ funfun tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́, tí wọ́n ń fún ní oúnjẹ inú àpò, tí wọ́n sì ń tó tà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Mo ní àgùntàn tó ń jẹko kiri kò bá ìgbà mu mọ́. Ìyá mi ní àgbàsìn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹran nìkan. Mo fi í rẹ́rìn-ín, mo gbé ọkọ̀ lọ kó wọn kí n lè tà wọ́n, kí n fi owó wọn ra adìyẹ. Ìyá Baoulé náà bi mí léèrè ohun tí òun ṣe. Mo ní kò sí, ayé ló yí padà.

Kò pẹ́ tí wọ́n dín iye owó sẹ́fà tí à ń ná kù. Oúnjẹ adìyẹ wọ́n gógó, àwọn adìyẹ mi kò sì mọ bí a ti ń tanlẹ̀ jẹ. Wọ́n kú tán. Ìgbà yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọmọ ìlú sọ́tọ̀ lára àlejò. Èmi tí n kò dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí, wọ́n ní Ànàgó ni mí, orúkọ tí wọ́n ń pe ẹ̀yà wa níbẹ̀, kí n mú ẹlẹ́rìí wá pé ibí ni wọ́n bí mi sí kí n tó rí ìwé gbà. Wọn kò gba ẹ̀rí ìyá mi, torí àlejò lòun náà; ìyá tó gbẹ̀bí mi nìkan ló kù láyé tó lè jẹ́rìí sí i.

Ìyá mi ló lọ bẹ̀ ẹ́. Ó wá, kò sì ṣàròyé. Akọ̀wé bi í léèrè ohun tí mo jẹ́ sí i. Ó fi Dioula, èdè ọjà, dáhùn.

“Ọwọ́ mi ni wọ́n bí i sí. Ìyá rẹ̀ fi ẹran sí ọ̀dọ̀ mi ní àgbàsìn nígbà kan.”

Wọ́n lu ìwé mi lóǹtẹ̀. Ìtìjú bò mí, torí kò pè mí ní ọmọ rẹ̀ mọ́.

“Lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa,” ni ìyá mi wí. “Àlejò ló ṣe é fún ọ.”