Màmá Ẹ-Kà-Á àti Àwọn Ẹ̀rọ Onírọ́

Ọjọ́ tí Màmá Ẹ-Kà-Á sùn sórí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn ni wọ́n ṣì ń sọ lọ́sibítù náà títí dòní. Láago mẹ́jọ àárọ̀, àgbà nọ́ọ̀sì yìí wọ aṣọ aláìsàn, ó gun bẹ́ẹ̀dì keje, ó da aṣọ bora, ó sì gbé ìwé lé àyà. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ara aláìsàn ò ní ké nínú wọ́ọ̀dù kó má fa ìlà kan sínú ìwé náà. Dókítà àgbà wọlé, kò tilẹ̀ wojú ẹni tó dùbúlẹ̀, ó kàn gbé irinṣẹ́ lé e láyà.

"Ẹ mí sínú dáadáa."

"Dókítà, àyà mi le koko. Etí mi ni kẹ́ ẹ wò."

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré o. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ẹ̀rọ ara tíṣà-fẹ̀yìntì kan ké pé ọkàn rẹ̀ fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀. Igbákejì Màmá gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti ké láàárọ̀ ọjọ́ náà débi pé etí rẹ̀ ti kú sí i. Màmá ló sáré. Díẹ̀ ló kù kí ẹ̀pa má bóró mọ́.

Igbákejì ń sunkún. "Ẹ má bínú, Mà."

"Ẹjọ́ rẹ kọ́. Ajá tó ń gbó látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ta ló máa dìde fún un nígbà tólè bá dé? Ẹ jẹ́ ká kà á."

Ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá ni wọ́n kà lọ́jọ́ tí Màmá dùbúlẹ̀ yẹn. Mẹ́sàn-án péré ló jóòótọ́. Wáyà tó ṣí ni, aláìsàn tó yíra padà ni, ìyẹn ló fa ìyókù.

Màmá to gbogbo rẹ̀ sórí ìwé gbàgàdà: bẹ́ẹ̀dì wo, aago mélòó, kí ló fà á? Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé láago mẹ́wàá géérégé lójoojúmọ́ ni ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀dì karùn-ún ń ké. Dókítà pààrọ̀ oògùn, pàbó. Màmá gbé àga, ó jókòó ti ọkùnrin tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin, ó sì kọ ohun tó fà á sílẹ̀: "Ìyá ìyàwó."

Wọ́n ní kí ìyá náà máa wá lọ́sàn-án. Ni ariwo bá sún sí ọ̀sán.

"Ṣé ẹ fẹ́ pa ẹ̀rọ lẹ́nu mọ́ ni?" Dókítà àgbà fajú ro.

"Rárá o. Irọ́ ni mo fẹ́ kó yé pa."

Wọ́n ń pààrọ̀ ohun tó lẹ wáyà mọ́ra láràárọ̀, wọ́n sì ń ṣètò ẹ̀rọ kó bá ara oníkálukú mu. Láàárín oṣù kan, ariwo já wálẹ̀ sí àádọ́ta lóòjọ́. Àwọn aláìsàn wá ń rí oorun sùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀rọ ké tòótọ́ níṣojú Igbákejì, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló ti débẹ̀ kí igbe rẹ̀ tó tún dún.

Nígbà tí Màmá kú, Igbákejì ti di olórí wọ́ọ̀dù. Ọkọ Màmá, télọ̀ tó ti dàgbà, mú ìwé kan tó bá nílé wá fún un. Ó ṣí i. Mọ́ńdè, mẹ́rìnlá. Túsìdeé, mọ́kàndínlógún. Wẹ́sìdeé, mẹ́tàlélógún.

"Bàbá, ẹ̀rọ wo rèé?"

"Èmi ni."

Igbákejì bú sẹ́rìn-ín.

"Ikọ́ mi ni. Mo ní ikọ́ lásán ni, ó ní iye rẹ̀ ń ga. Ìwé yìí ló fi wọ́ mi wá sọ́dọ̀ dókítà, òun ló jẹ́ kí n ṣì wà láyé." Bàbá fọwọ́ kan ìwé náà. "Ogójì ọdún la fi gbé pọ̀, ọmọ mi. Mi ò mọ̀ pẹ́nì kan ń ka ikọ́ mi."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Igbákejì. Ó fa àga sún mọ́ bàbá, ó sì jókòó tì í.