Káàdì Kérésì Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n Mi

Láti oṣù kìn-ín-ní ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí ṣe káàdì Kérésì. Kì í jẹ́ kí a da páálí bisikíìtì tàbí àgékù léèsì nù nílé wọn ní Adó-Èkìtì. Ìwé ètò ìsìnkú ló fẹ́ràn jù, nítorí pé ó nípọn. Á lẹ léèsì bo àwòrán olóògbé, á wá kọ “Ẹ kú ọdún” sábẹ́ rẹ̀.

Mo máa ń sọ fún un pé igun káàdì rẹ̀ wọ́. Á ní, “Tíṣà, ẹ lọ máa fi rúlà yín wọn ilé yín.”

Lọ́dún kan, léèsì ṣí kúrò lára káàdì tó fún díákónì ìjọ wa. Ojú ẹ̀gbọ́n díákónì náà, àgbẹ̀ onírẹsì tó kú ní Igbemo, ló yọ síta. Díákónì ká a mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

“Màmá, ṣé òkú ni ẹ fi ń kí mi ọdún? Ẹ ò gbọdọ̀ pín káàdì níbí mọ́!”

Mo rò pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi yóò bẹ̀bẹ̀, àmọ́ ó ní:

“Ṣé ẹ̀gbọ́n yín kọ́ nìyí ni? Nígbà ayé rẹ̀, ọdọọdún ló máa ń fi ìrẹsì Kérésì ránṣẹ́ sí mi. Orí àga tí ẹ̀yin ju ìwé rẹ̀ sí lọ́jọ́ ìsìnkú ni mo ti ṣà á.”

Lọ́dún kejì, ó tún dúró lẹ́nu ọ̀nà kan náà. Kò bo ojú ẹnikẹ́ni mọ́. Ó fi léèsì yí àwòrán ká bíi férémù. Nígbà tó kan díákónì, ó na káàdì tí ojú ẹ̀gbọ́n díákónì wà lórí rẹ̀ sí i níṣojú gbogbo ìjọ.

“Bàbá Igbemo ní ẹ kú ọdún o.”